-2^2 nínú R: kọ̀ǹpútà ẹ ò bàjẹ́

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. O ní o tẹ -2^2 (máínọ́ọ̀sì 2 ní páwà 2) sínú R, èdè kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣírò, ó gbé -4 fún ẹ, Excel sì ní 4 ni, o wá fẹ́ mọ èyí tó ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tó ń parọ́. R máa ń ṣe páwà ná kó tó wo máínọ́ọ̀sì tó wà níwájú, ìyẹn ni pé 2^2 ló kọ́kọ́ ṣe, ó di 4, ó wá lẹ máínọ́ọ̀sì mọ́ ọn. Ní ti Excel, máínọ́ọ̀sì yẹn ló ń kọ́kọ́ mú. Kọ (-2)^2, ó tán. Ohun kan náà ló fà á tí -8^(1/3) fi ń jẹ́ -2, àmọ́ tó o bá ní x <- -8 (ìyẹn ni pé x jẹ́ -8) tó o wá kọ x^(1/3), NaN (ìyẹn "kì í ṣe nọ́ńbà") ni wàá rí, torí máínọ́ọ̀sì ti wà nínú x fúnra rẹ̀, èyí máa ń dààmú èèyàn gan-an.

Àmì : yìí, tó ń to nọ́ńbà láti ìkan dé òmíì, ló tún burú jù lójú tèmi. Tí n bá jẹ́ 5, tó o kọ 1:n-1, o máa rò pé 1 dé 4 ni, irọ́ o, 0 1 2 3 4 ló máa jáde, torí ó ti kọ́kọ́ to 1 dé 5 kó tó wá yọ 1 kúrò lára ìkọ̀ọ̀kan. Tó bá wá dénú loop (kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe), x[0] (ohun tó wà ní ipò 0 nínú x) ò ní ṣe ẹ́rọ̀ kankan, òfìfo ló máa gbé wá, wàá máa wá ẹ̀bi kiri. 1:(n-1) ni kó o kọ. %%, tó ń wá àṣẹ́kù ìpín, náà ń ṣáájú ìlọ́po: 3*7%%2 jẹ́ 3, kì í ṣe 1. Tẹ ?Syntax, wàá rí bí gbogbo wọn ṣe tò tẹ̀léra.

Ṣùgbọ́n èyí tó fojú mi rí màbo kì í ṣe ti brákẹ́ẹ̀tì rárá. Oníṣòwò kan gbé iye ọjà tó tà loṣooṣù wá, oṣù 12, pẹ̀lú owó ọjà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì míì, fáìlì kejì yìí ti gé, oṣù 6 péré ló kù nínú ẹ̀, a sọ ọ́ di tà * owó, R ò janpata, ó kàn padà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ owó náà, ó fi owó oṣù kìíní ṣírò ọjà oṣù keje, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Torí 6 pín 12 géérégé, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ká ní 5 ló kù ni, ì bá kùn pé "longer object length is not a multiple of shorter object length" (gígùn èyí tó gùn jù kì í ṣe ìlọ́po èyí tó kúrú), síbẹ̀ náà á ṣì gbé ìdáhùn jáde! A jókòó ti fọ́ọ́múlà yẹn títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ mọ́, fọ́ọ́múlà ò sì ṣẹ̀ wá. Látìgbà yẹn stopifnot(length(tà) == length(owó)), tó ń dá iṣẹ́ dúró tí gígùn méjèèjì ò bá dọ́gba, ló máa ń ṣáájú gbogbo ìṣirò mi, ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Ti 0.1 + 0.2 == 0.3 tó ní FALSE, má wulẹ̀ bá a jà, all.equal, tó ń gbójú fo ìyàtọ̀ tín-ín-tín, ni kó o lò.

Tó bá ṣì ń ṣe wàhálà, gbé ìlà kóòdù náà wá bó ṣe wà gan-an, má ya fọ́tò ẹ̀ o, jàre.