Ṣé sàréè wàlíyì ló ń yan aṣòfin?

ÌBÉÈRÈ: Àfáà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tijániyyà, ìjọ súfí inú Ìsìláàmù, ni ìdílé wa ń ṣe. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ní Pakísítánì, àwọn ìdílé tó ń tọ́jú sàréè àwọn wàlíyì, ìyẹn àwọn ẹni mímọ́ Ọlọ́run, ló ń wọlé ìbò láti orí bàbá dórí ọmọ. Bàbá àgbà mi náà sì ti ń sọ nílé pé ẹni tí ṣéù wa, aṣáájú wa nínú Tijániyyà, bá nàka sí ni gbogbo mùrídì, àwa ọmọlẹ́yìn rẹ̀, yóò dìbò fún. Ṣé àlùbáríkà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, mùrídì lèmi náà níbí ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ń ká mi lára.

Àlùbáríkà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Ní ìlú Multan, ní ìpínlẹ̀ Punjab ní Pakísítánì, ìdílé Qureshi ló ń tọ́jú sàréè Bahauddin Zakariya, wàlíyì ọ̀rúndún kẹtàlá. Inú ìdílé yẹn ni Shah Mahmood Qureshi ti wá, tó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ìdílé Gilani ló ń tọ́jú sàréè Musa Pak, wàlíyì mìíràn, nílùú kan náà. Ọmọ wọn, Yousaf Raza Gilani, ṣe olórí ìjọba láti 2008 títí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi yọ ọ́ ní 2012.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Punjab, wọ́n fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì bu ọlá fún wọn kí ìlú lè tòrò. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ wọn, tó ń gba àdúrà lọ́wọ́ wọn, tó jẹ́ pé àwọn ló máa bá a dé àgọ́ ọlọ́pàá bí wọ́n bá ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé, ta ni ìwọ fẹ́ kó dìbò fún? Nínú ìbò 1946, ohùn àwọn pírì, bí wọ́n ṣe ń pe ṣéù lọ́hùn-ún, wà lára ohun tó gbé Muslim League, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà kí Pakísítánì dá dúró, lékè ní Punjab.

Síbẹ̀, kì í ṣe sàréè ló ń parí ọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹwàá 2022, Ali Musa Gilani àti Meher Bano Qureshi du àga aṣòfin kan ṣoṣo ní Multan. Àwọn méjèèjì ló ní wàlíyì lẹ́yìn. Gilani ló wọlé.

Nílé wa ńkọ́? Ṣéù tó ń kó wa jọ fún wàsífà, àdúrà tí a máa ń jọ ṣe, kò ni ilẹ̀ tí mo fi ń jẹun. Wo agbo ilé yín náà: mo mọ Ògbómọ̀ṣọ́ dáadáa, ẹ̀gbọ́n lè wà ní Bàtíìsì kí àbúrò wà ní mọ́ṣáláṣí. Ta ni yóò wá pàṣẹ ìbò fún gbogbo wọn? Ọlọ́run ni mo torí rẹ̀ gba wíríìdì, àdúrà ojoojúmọ́ tí ṣéù ń fún mùrídì. Ó máa ń dùn mí gan-an bí olóṣèlú bá fẹ́ sọ ọ́ di káàdì ìdìbò.

Má bá bàbá àgbà jiyàn. Fi sùúrù bi wọ́n léèrè bóyá ẹnu ṣéù gan-an ni wọ́n ti gbọ́ ọ, àbí ẹnu ẹni tó gbé ìrẹsì wá. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ẹ jọ lọ bi ṣéù fúnra wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.