Ẹ Bi Bàbá Onírédíò: Ṣé Ọ̀dàlẹ̀ Ni Olórin Tó Lọ Bá Ẹgbẹ́ Mìíràn Ṣeré?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Onírédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi la jọ ń gbọ́ orin rọ́ọ̀kì nílé wa ní Ṣáńgo, ọ̀rọ̀ kan sì ti dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín wa. Ó máa ń dùn mọ́ mi tí olórin tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ bá lọ bá àwọn ẹlòmíràn ṣe àwo kan tàbí méjì. Àbúrò mi ní ọ̀dàlẹ̀ gbáà ni irú wọn, pé owó ni wọ́n ń lé, pé àwo bẹ́ẹ̀ kì í dùn tó ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ bá wa dá sí i, sà. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣáńgo, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí àbúrò rẹ. Ìwọ ni mo gbè lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá àbúrò rẹ wí, torí èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́dún 2003, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá, oníbàárà kan gbé ẹ̀rọ CD wá, ó ní kò ka àwo mọ́. Àwo tó wà nínú rẹ̀ ni àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Audioslave ṣe. Mo mọ àwọn tó ṣe é: Chris Cornell tó ń kọrin fún Soundgarden, pẹ̀lú Tom Morello, Tim Commerford àti Brad Wilk, àwọn mẹ́ta tó ń lu gìtá, béèsì àti ìlù fún Rage Against the Machine. Inú ti ń bí mi sí wọn kí n tó gbọ́ ohunkóhun. Mo fẹ́ràn Soundgarden débi pé ìwà àìmoore ni mo ka ohun tí Cornell ṣe sí.

Mo nu ojú lẹ́ńsì ẹ̀rọ náà, mo tẹ̀ ẹ́ pé kí n kàn mọ̀ bóyá ó ti ń kà á. Nígbà tó dé orin karùn-ún, mo fi sukurudẹráfà sílẹ̀, mo jókòó. Ohùn Cornell, tí mo mọ̀ sí igbe tó ń ya gìtá wíwúwo kọjá, ti rọ̀. Ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru. Gìtá Morello ṣí ààyè sílẹ̀ fún un, kò bá a jà. Mo tún orin yẹn gbọ́ títí oníbàárà fi dé. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó dáadáa: Soundgarden ti tú ká láti ọdún 1997, Zack de la Rocha tó ń kọrin fún Rage ló sì fi àwọn mẹ́ta yẹn sílẹ̀ lọ́dún 2000. Ta wá ni wọ́n dà?

Bá mi sọ èyí fún àbúrò rẹ. Kápẹ́ńtà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi tó ń bá iléeṣẹ́ ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣáá, ìwọ̀n kan náà. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, PP tirẹ̀, iṣẹ́ àdáṣe lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀gá, ló ń ṣe: àpótí ìjókòó kéékèèké tó fín ẹyẹ sí lára, tó sì fi ọwọ́ dán títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ẹni tó bá rí ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan kò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀. PP làwọn olórin yìí náà ń ṣe. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ti wá ní orin tí aráyé ń retí lọ́wọ́ wọn, àmọ́ nǹkan mìíràn wà nínú wọn tí ẹgbẹ́ yẹn kò ní àyè fún.

Wo Tony Allen tiwa. Láti ọdún 1964 ló ti ń lu ìlù fún Fẹlá, nígbà tí ẹgbẹ́ Fẹlá ṣì ń jẹ́ Koola Lobitos, ọdún 1979 ló sì kúrò. Ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yá, Damon Albarn ti ẹgbẹ́ Blur pè é, pẹ̀lú Simon Tong tó ti wà nínú the Verve, àti Paul Simonon, onibéèsì the Clash, tó ti gbájú mọ́ àwòrán kíkùn nígbà náà. Àwo wọn, The Good, the Bad & the Queen, jáde ní oṣù kìíní ọdún 2007. Ẹni tó bá lọ sídìí rẹ̀ pé afrobeat lòun fẹ́ gbọ́ kò ní rí i. Tony fà sẹ́yìn. Àgbà tó lè ru gbogbo agbo sókè ló jókòó jẹ́ẹ́, tó ń fi ìlù sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àwo yẹn ni mo fi ń dán sípíkà wò títí dòní. Tí mo bá tún ọ̀kan ṣe tán, màá dín ohùn rẹ̀ kù, màá gbé etí sún mọ́ ọn. Wàá gbọ́ ibi tí igi kàn fọwọ́ ba ìlù kékeré tó wà láàárín ẹsẹ̀ Tony, fẹ́rẹ́ báyìí, bí ìgbà tí ọmọ adìẹ bá ṣá àgbàdo kan lórí pákó. Béèsì Simonon á wá gbà á lábẹ́, á kún, á wúwo. Tí sípíkà bá ṣì lábùkù, tí bébà inú rẹ̀ bá ya lọ́wọ́ kan, ibẹ̀ ló ti máa ń jẹ́wọ́. Mi ò mọ àwo Fẹlá kankan tó lè bá mi ṣe iṣẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ orí Fẹlá ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ Tony. Lọ́dún 2012, òun àti Albarn pẹ̀lú Flea ti Red Hot Chili Peppers tún ṣe òmíràn, Rocket Juice & the Moon. Ìlù tú jáde nínú ìyẹn ní tirẹ̀.

Ní ti owó, àwọn kan ń bá owó lọ lóòótọ́. Etí á sọ fún ọ kí o tó gbọ́ orin mẹ́ta tán.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú àánú wa. Tí irú àwọn àgbà-ọ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá kóra jọ di ẹgbẹ́ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní supergroup, kí ló dé tí wọn kì í pẹ́ tú ká? — Aránṣọ, Òkè-Àdó

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ yín, mà. Àwọn àgbà ti ní àgbò méjì kì í mumi nínú akèrègbè kan. Ẹ wo Cream, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1966. Ginger Baker ń lu ìlù, Jack Bruce ń lu béèsì, ó sì ń kọrin, Eric Clapton ń lu gìtá. Baker àti Bruce ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ Graham Bond tẹ́lẹ̀, Baker ló sì lé Bruce kúrò níbẹ̀. Clapton ló ní àfi tí wọ́n bá pe Bruce lòun á ṣe. Wọ́n jọ ń pariwo lórí ara wọn títí di oṣù kọkànlá ọdún 1968, tí wọ́n ṣeré ìdágbére ní Royal Albert Hall. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Clapton àti Baker tún wọ Blind Faith pẹ̀lú Steve Winwood àti Ric Grech. Àwo kan péré ni wọ́n ṣe.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sunkún lórí ìyẹn, mà, torí ohun tó tú ní Lọ́ńdọ̀nù ló hù ní Ìkẹjà. Lọ́dún 1971, Baker wa mọ́tò gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Nàìjíríà. Òun àti Fẹlá ṣe àwo pọ̀ lọ́dún náà. Ó kọ́ sítúdíò sí Ìkẹjà, ó sì ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 1973. Nígbà tí Paul McCartney àti ẹgbẹ́ Wings wá gba orin sílẹ̀ ní Àpápá lọ́dún náà, wọ́n yà lọ sọ́dọ̀ Baker láti gba orin kan. Baker fúnra rẹ̀ bá wọn mi agolo tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí. Ó tún dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, ó pè é ní Salt. Àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, bá wọn kọrin. Berkley Jones àti Laolu Akins gba ibẹ̀ kọjá, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Gbenga Odumosu ló wá di BLO. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Berkley, Laolu àti Odumosu ni wọ́n fi sọ ara wọn lórúkọ. Rọ́ọ̀kì tí wọ́n lù nínú àwo wọn àkọ́kọ́ lọ́dún 1973 ṣì ń mú ara mi gbọ̀n. Tí Cream bá pẹ́ ogún ọdún, ẹ sọ fún mi, ta ni ì bá kọ́ sítúdíò Ìkẹjà?

Àwọn olórin jùjú náà mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí pé Shina Peters àti Segun Adewale jọ kúrò lọ́dọ̀ Prince Adekunle, wọ́n so orúkọ pọ̀, wọ́n ń jẹ́ Shina Adewale. Nígbà tí wọ́n pín yà, ojú ọ̀nà méjì ni a rí, a kò pàdánù kankan.

Àwọn tó wù mí jù nínú gbogbo wọn kò tilẹ̀ jà. George Harrison, tó ti wà nínú the Beatles, nílò orin kan ṣoṣo lọ́dún 1988 tí yóò fi sí ẹ̀yìn àwo kékeré rẹ̀ kan. Ó pe Jeff Lynne, Roy Orbison àti Tom Petty, wọ́n lọ sí gáréèjì Bob Dylan ní Malibu, Dylan náà sì dá sí i. Orin yẹn dùn jù fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ni wọ́n bá ṣe odindi àwo. Wọ́n fi orúkọ gidi pamọ́, wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Traveling Wilburys, wọ́n ní ọmọ bàbá kan náà làwọn, Wilbury lorúkọ ìdílé wọn: Nelson, Otis, Lefty, Charlie, Lucky. Mo gbà pé àṣírí àlàáfíà wọn nìyẹn. Nígbà tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni láti gbé ga, olúkúlùkù gbé orin. Àwo náà jáde ní oṣù kẹwàá, Orbison sì kú ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún yẹn. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí ohùn rẹ̀ bá gòkè nínú orin àkọ́kọ́, ó sì máa ń dùn mí.

ÌBÉÈRÈ: Ìdílé àyàn ni wá ní Bẹẹrẹ. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì fẹ́ gbé gángan lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń lu rọ́ọ̀kì. Ṣé kò ní tàbùkù ìlù bàbá wa? — Àyàn, Bẹẹrẹ

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìlù, sà. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ̀rúwà, ní Ìbàràpá yìí, ni wọ́n ti bí Sikiru Adepoju. Ilé onílù ni wọ́n bí i sí bíi tiyín. Ó lu ìlù fún Ebenezer Obey kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Mickey Hart, tó ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Grateful Dead, ló kó àwọn àgbà-ọ̀jẹ̀ onílù jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀: Zakir Hussain láti Íńdíà, Giovanni Hidalgo láti Puerto Rico, Babatunde Olatunji tiwa, àti Sikiru. Wọ́n ṣe àwo Planet Drum lọ́dún 1991. Òun ló gba Grammy àkọ́kọ́ tí wọ́n fún àwo orin àgbáyé. Lọ́dún 2009, Global Drum Project, tí Hart, Hussain, Hidalgo àti Sikiru ṣe, tún gba òmíràn. PP ọmọ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ló gbé gángan Ìbàràpá débẹ̀, gángan náà kò sì yí èdè padà.

Ohun kan ni kí ọmọ yín ṣọ́. Gìtá oníná á bo gángan mọ́lẹ̀ tí wọn ò bá fún un láyè. Kó má ṣe kọjú máìkì sí ibi tí kòǹgó ti ń ba awọ nìkan, torí pá-pá-pá lásán ló máa gbé jáde. Kó fà á sẹ́yìn díẹ̀, kó lè gbọ́ bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò nígbà tí apá bá fún ọṣán mọ́ra. Kó sì sọ fún onígìtá pé kó dákẹ́ tí gángan bá ń pe oríkì. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣeré, ẹ ní kó gbé ẹ̀rọ wọn wá bá mi ní Mọ́kọ́lá. Màá bá a tò ó, mi ò ní gba kọ́bọ̀.