Èsì: Ṣé kí n kó àwọn ọmọ lọ wo iṣẹ́ William Smith, onímọ̀ nípa òkúta abẹ́ ilẹ̀ ayé àtijọ́ yẹn, ní ìlú Scarborough ní England?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó wọn lọ o! Rotunda Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ yẹn, Smith fúnra ẹ̀ ló dámọ̀ràn bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ róbótó, wọ́n ṣí i ní 1829, wọ́n wá to àwọn òkúta sára ògiri bí wọ́n ṣe wà nínú ilẹ̀ gẹ́lẹ́, èyí tó pẹ́ jù nísàlẹ̀, tuntun lókè. Ọmọ alágbẹ̀dẹ lásán ni, òun ló ya máàpù òkúta abẹ́ ilẹ̀ England àti Wales ní 1815, àmọ́ gbèsè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1819, ó máa ń dùn mí gan-an. Kí àwọn ọmọ wo àwọn ìkarahun inú òkúta yẹn dáadáa, àwọn ni Smith fi ń dá ìpele ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀.