Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oúnjẹ ṣì ń há mi láyà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ẹni ọdún 46 ni mí. Ó lé ní ọdún 10 tí omi kíkan ti ń ru sókè láti inú mi wá sí ọ̀fun, tí àyà ń ta mí, títí oògùn kò fi kápá rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ní àwọn fi òkè àpòlúkù wé ìdí ọ̀nà ọ̀fun. Àyà kò ta mí mọ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ máa ń dúró sí mi láyà, n kò lè gùfẹ̀, ikùn mi sì máa ń le bí ìlù tó bá di alẹ́. Ṣé iṣẹ́ abẹ náà ti bàjẹ́ ni? Ṣé kí n padà sídìí oògùn mi àtijọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí kò jọ iṣẹ́ abẹ tó bàjẹ́. Ó jọ pé iṣẹ́ náà ń ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, àmọ́ ara yín kò tíì mọ bí yóò ṣe máa bá a gbé.

Iṣan kan wà níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ àpòlúkù. Ó máa ń ṣí fún oúnjẹ, á sì padé lẹ́yìn rẹ̀. Tiyín kò padé dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tí omi kíkan fi ń gòkè. Oníṣẹ́ abẹ wá fi òkè àpòlúkù wé ìdí ọ̀nà ọ̀fun náà yí ká, bí ẹni fi aṣọ wé ọrùn ọwọ́. Ọdún 1955 ni oníṣẹ́ abẹ kan, Rudolf Nissen, kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìlú Basel ní Switzerland; láti 1991 ni wọ́n ti ń gba ojú ihò kéékèèké ṣe é. Bí àpòlúkù bá ṣe ń kún ni ohun tí wọ́n wé yìí ń fún ọ̀nà náà mọ́ra. Kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín omi kíkan àti afẹ́fẹ́. Ẹnu ọ̀nà kan náà tó dá omi dúró ló dá gúfẹ̀ yín dúró.

Ti oúnjẹ tó ń há, wíwú ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbogbo ibi tí ọwọ́ kàn nígbà iṣẹ́ abẹ ló wú, wíwú náà sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kó tó lọ tán. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ ṣì wà. Nítorí náà, ẹ máa jẹ ohun rírọ̀ àti olómi, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mẹta ńlá. Ẹ jókòó tààrà. Kí òkèlè má ju orí ìka lọ, kí ẹ jẹ ẹ́ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi lẹ́nu, kí ẹ sì gbé ṣíbí sílẹ̀ kí ẹ tó bu òmíràn. Búrẹ́dì àti ẹran gbígbẹ ni mo máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi ṣe ìkẹyìn. Búrẹ́dì rọ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí itọ́ bá ti kàn án, ńṣe ló ń di odidi, ibẹ̀ ló sì ń dúró sí.

Bí oúnjẹ bá há, ẹ má da omi lé e lórí gbìì. Orí rẹ̀ ni omi náà yóò dúró sí, ìrora á sì pọ̀ sí i. Ẹ dìde, ẹ rìn díẹ̀, ẹ ní sùúrù. Ó sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ọ̀fun láti bì. Bíbì líle lè já ohun tí wọ́n rán, tàbí kó fa á gòkè lọ sínú àyà. Kódà tí èébì bá kàn ń gbé yín lásán, ẹ tètè gba oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Ó wá ku ikùn tó ń le bí ìlù. Àwọn tí omi kíkan ti yọ lẹ́nu fún ọdún púpọ̀ sábà máa ń gbé itọ́ mì léraléra láìfura, kí wọ́n lè fi fọ ọ̀fun. Omi kíkan lọ, àṣà náà kò lọ. Ìgbàkigbà tí ẹ bá gbé nǹkan mì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń bá a wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde sókè mọ́. Ẹ ṣọ́ ara yín fún ọjọ́ kan, ẹ ó rí i. Ẹ yẹra fún ohun mímu tó ń hó, ṣingọ́ọ̀mù àti fífi stírọ́ọ̀ mu nǹkan, ẹ má sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń jẹun. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ìgbẹ́ gan sí yín níkùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, torí ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti béèrè: ẹ ó máa só ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí afẹ́fẹ́ náà lè gbà jáde nìyẹn. Gúfẹ̀ kékeré máa ń padà fún ọ̀pọ̀ èèyàn láàárín oṣù mélòó kan.

Ní ti oògùn àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a bẹ̀rẹ̀ fúnra yín. Oògùn tó ń dín omi kíkan kù kò lè tú oúnjẹ tó há, kò sì lè lé afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni pé àìsàn náà máa ń padà sára àwọn kan: ìwádìí kan ní Sweden, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, tẹ̀ lé 2,655 èèyàn, ó sì padà sára nǹkan bíi 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n tí àyà bá tún ta yín, àyẹ̀wò ni kó ṣáájú, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tín-ín-rín wọn omi kíkan inú ọ̀nà ọ̀fun fún wákàtí 24. Àyà títa mìíràn kì í ṣe ti omi kíkan rárá. Bí wọ́n bá sì ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ẹ ní Barrett, ìyẹn ni pé awọ inú ọ̀nà ọ̀fun ti yí padà, iṣẹ́ abẹ yìí kò fòpin sí àyẹ̀wò rẹ̀.

Ẹ má tíì gbé ohun tó ju kílò márùn-ún lọ títí oníṣẹ́ abẹ yín yóò fi yọ̀ǹda.

Tí ẹ kò bá lè gbé itọ́ pàápàá mì, tí àyà tàbí ikùn bá ń dùn yín gidigidi, tí ibà bá dé, tí mímí bá ń ni yín lára, tàbí tí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni, kódà kó jẹ́ òru. Bí híhá náà bá ń le sí i dípò kó máa dínkù, tàbí tó kọjá ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹ padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Wọ́n lè fún yín ní ohun mímu kan kí wọ́n fi ya àwòrán ọ̀nà ọ̀fun bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ibẹ̀ bá há jù, wọ́n lè fi rọ́bà kékeré tó ń wú (balloon) fẹ̀ ẹ́ láti inú. Ìwọ̀nba èèyàn ni wọ́n ń tún iṣẹ́ abẹ ṣe fún.

Láti òní, ẹ máa kọ ohun tí ẹ jẹ, èyí tó há àti ìgbà tó fi há sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé náà dání lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ yín nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ lọ rí i.