Ṣé lóòótọ́ ni àrùn ìgbàgbé kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe àwọn àgbà ní Ìbàdàn?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò sí rárá. Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílé wọn, ní àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi yẹ iyè wọn wò níbi méjèèjì, wọ́n sì padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún 2 àti ọdún 5. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tó dá ìwádìí náà sílẹ̀. Ó dùn mí pé ó kú ní 1995, kí gbogbo èsì ìwádìí náà tó jáde.

Èsì ọdún 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbà, nǹkan bí 1.35 ni àrùn ìgbàgbé (dementia) ń mú lọ́dún kan n'Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis náà ti wá. Ìdí nìyẹn tí ojú fi lọ sára oúnjẹ àti ìgbé ayé. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ìsanra àti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kéré púpọ̀ lára àwọn ti Ìdíkàn. Kódà àbùdá APOE e4, tó ń mú kí ewu Alzheimer (irú àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù) pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ funfun, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára Yorùbá.