Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, ẹrù ṣì wà nínú àpótí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo wá kàwé ní òkèèrè, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo dé. Àwa márùn-ún la jọ gba ilé kan. Kálukú ló ní yàrá tirẹ̀, a sì jọ ń lo kíṣìnì àti balùwẹ̀. Yàrá mi tutù gan-an. Ohun dúdú kan ti ń yọ lára ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Mi ò lè sùn kí aago mẹ́ta òru tó lù, torí ìgbà yẹn làwọn ẹbí mi nílé máa ń ráyè pè mí. Inú àpótí ni mo ṣì ti ń mú aṣọ wọ̀, mi ò sì lọ́rẹ̀ẹ́ kankan. Gbogbo èèyàn ló sọ fún mi pé oṣù àkọ́kọ́ máa ń dùn. Tèmi ò dùn rárá. Ṣé kí n kó kúrò níbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Má tíì kó. Nínú gbogbo ohun tí o kọ, ọ̀rọ̀ àpótí yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilé, mo sì máa ń wọ yàrá wọn. Ẹni tó bá ń mú aṣọ nínú àpótí lójoojúmọ́, bí àlejò tó sùn mọ́jú ló ṣe ń lo yàrá náà. Kì í sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò níbi tó bá a, kì í béèrè bí wọ́n ṣe ń lo hítà, kì í bá onílé sọ̀rọ̀, kì í sì í jókòó ní kíṣìnì. Bó o bá wo ìṣòro tí o kà sílẹ̀ dáadáa, wàá rí i pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Nítorí náà, tú ẹrù yẹn lónìí. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Àmọ́ kí o tó kó aṣọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́ fà á kúrò lára ògiri, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ rẹ á lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀ láìfún.

Ohun dúdú tí o rí lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, ògiri ló bu, bí oúnjẹ ṣe ń bu níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé. Ọ̀rinrin ló fà á. Afẹ́fẹ́ tó móoru máa ń gba omi mọ́ra ju afẹ́fẹ́ tútù lọ. Èémí rẹ, ooru omi balùwẹ̀, aṣọ tútù tí o sá sínú yàrá, gbogbo wọn ló ń tú omi sínú afẹ́fẹ́. Aṣọ tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lè tú omi tó nǹkan bíi lítà 2. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yìí bá kan ibi tó tutù jù nínú yàrá, yóò sọ omi tó rù kalẹ̀ síbẹ̀. Ibi tó sì sábà máa ń tutù jù ni gíláàsì fèrèsé àti ògiri tó kọjú síta, pàápàá ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí ooru hítà kì í dé. Láàárọ̀ ọ̀la, kí o tó ṣe ohunkóhun, fi ìka kan ìsàlẹ̀ gíláàsì fèrèsé rẹ, kí o fà á láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bí omi bá ń kán tẹ̀lé ìka rẹ, púpọ̀ nínú omi yẹn ló ti ẹnu àti imú rẹ jáde mọ́jú.

Fi aṣọ gbígbẹ nu omi náà, kí o sì lọ fún un dànù sí balùwẹ̀, má fi aṣọ náà sílẹ̀ nínú yàrá. Lẹ́yìn náà, pa hítà, ṣí fèrèsé gbayawu fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí o wá tì í, kí o tún hítà tàn. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti ṣí fèrèsé nígbà tí òtútù ń mú èèyàn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wọlé yẹn yára móoru ju èyí tó kún fún omi lọ. Fèrèsé tí a ṣí díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kò ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ńṣe ló kàn ń sọ ògiri di tútù. Bákan náà, má ṣe máa tan hítà dé góńgó fún wákàtí kan kí o wá pa á títí di ọjọ́ kejì. Jẹ́ kó máa jó wọ́ọ́rọ́wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2018 pé inú ilé ò gbọ́dọ̀ tutù ju ìwọ̀n 18 Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì lọ nígbà òtútù. Bí hítà rẹ kò bá lè dé ibẹ̀, ẹjọ́ onílé nìyẹn. Mo sì bẹ̀ ọ́, má ṣe gbé iná èédú tàbí sítóòfù wọ yàrá láti yáná. Gáàsì tó ń tinú rẹ̀ jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Kí o tó nu ara ògiri, ya fọ́tò rẹ̀. Tí ibi tó bu kò bá ju nǹkan bíi mítà 1 níbùú lóròó, ìwọ fúnra rẹ lè fi ọṣẹ àti omi nù ún, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ họ ọ́, torí yóò fọ́n ká gbogbo yàrá. Má sì po oògùn ìfọlé méjì pọ̀ mọ́ra, àwọn kan nínú wọn máa ń di májèlé. Àmọ́ bí omi bá ń rin ògiri láti òkè wá, tàbí tí àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ yí etí rẹ̀ ká, omi ń jò láti ibì kan nìyẹn, kò sí bí o ṣe lè nù ún tán.

Èyí ó wù kó jẹ́, kọ̀wé sí onílé lónìí. Kódà bí o bá ti pè é lórí fóònù, tún kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ímeèlì, kí ọjọ́ lè wà lórí rẹ̀. Kò ní láti gùn: “Mo rí i pé ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá mi ti bu. Fọ́tò mẹ́ta wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa wá wò ó fún mi.” Bó o ṣe ń ya ògiri, ya gbogbo yàrá pátá: bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀, ilẹ̀kùn, gbogbo ibi tó ti ya tàbí tó ti kán. Ọjọ́ tí o gba kọ́kọ́rọ́ ló yẹ kó o ti ṣe é, ṣùgbọ́n òní sàn ju ọjọ́ tí o ń kó jáde lọ. Òun ni yóò gbà ọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ nínú owó ìdógò tí o san nítorí ohun tí o bá níbẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ oorun. Bí èèyàn bá rìnrìn àjò lọ sí ibi tí aago ti yàtọ̀, ara máa ń tún aago tirẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí 1 lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti ju ohun tó nílò lọ, ibi yòówù kí o ti wá. Ìpè òru yẹn ni kò jẹ́ kí ara rẹ dé. Mo mọ̀ pé ó lè dà bí ẹni pé o fẹ́ pa àwọn ẹbí rẹ tì. Ṣùgbọ́n pè wọ́n, kí o sọ òótọ́ fún wọn pé o ò rí oorun sùn, kí ẹ jọ wá wákàtí kan ní òpin ọ̀sẹ̀ tí oorun ò ní máa kun ẹnikẹ́ni nínú yín. Láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́, kó o máa gbọ́ ọ láàárọ̀. Jí ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kí o sì jáde síta láàárín wákàtí àkọ́kọ́ tí o jí. Bí ojú ọjọ́ bá tilẹ̀ ṣú, ìmọ́lẹ̀ ìta ju ti inú yàrá lọ fíìfíì, òun ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ọ̀rọ̀ pé oṣù àkọ́kọ́ máa ń dùn yẹn ti pẹ́. Ní ọdún 1955, Sverre Lysgaard, onímọ̀ nípa àwùjọ, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ Nọ́wè tó ju 200 lọ tí wọ́n ti gbé ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé nǹkan nira fún àwọn tó lo oṣù 6 sí 18 ju àwọn tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ àti àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ làwọn èèyàn ti mú un pé ìbẹ̀rẹ̀ máa ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Colleen Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Jàpáánì láti ìgbà tí wọ́n dé New Zealand títí ọdún kan fi pé, ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ló le jù. Wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1998. Kò sóhun tó ṣe ọ́, àbúrò mi.

Ní ti ọ̀rẹ́, ìwádìí Jeffrey Hall ní Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ń gba nǹkan bíi wákàtí 50 kí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ tó di ọ̀rẹ́ lásán, àti wákàtí tó ju 200 lọ kó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Àkókò eré àti ìtàkùrọ̀sọ ló sì ń kà jù, kì í ṣe ti inú kíláàsì. Bó o bá ń lo wákàtí 5 lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan, ọ̀sẹ̀ 10 nìyẹn, o ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló wà nílé yẹn pẹ̀lú rẹ. Má ṣe gbé oúnjẹ rẹ wọ yàrá mọ́. Kíṣìnì ni kó o ti máa jẹ ẹ́, ní àkókò kan náà lálaalẹ́. Bí o kò bá rí ohun kan sọ, bi wọ́n bóyá ògiri tiwọn náà ń bu. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ẹnì kan á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Tí o bá ṣì fẹ́ kó lẹ́yìn gbogbo èyí, ka ìwé àdéhùn kó o tó sanwó síbòmíràn. Tí ẹ̀yin márààrún bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, ní ọ̀pọ̀ ibi, gbèsè owó ilé ṣì wà lọ́rùn rẹ bí o bá tilẹ̀ ti jáde. Gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé rẹ.

Bí ó bá sì jẹ́ pé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ohunkóhun ò wù ọ́, tí o kò lè jẹun, tí dídìde lórí bẹ́ẹ̀dì di iṣẹ́, lọ rí dókítà. Bí ọkàn rẹ bá sọ fún ọ rí pé kó o pa ara rẹ lára, ọjọ́ náà gan-an ni kó o pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, tún fa kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, kó o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ti tún bu, fi fọ́tò rẹ̀ àti èsì onílé ránṣẹ́ sí mi.