Ohun tó kọ́kọ́ tán nílé wa

Àǹtí tó kọ̀wé láti Ìbàdàn, tó ní kí àwa ará Èkó sọ ohun tó yẹ kí òun tọ́jú sílé bó bá di pé kónílé-ó-gbélé tọ̀sán-tòru tí wọ́n ṣe nítorí àrùn Kòrónà lọ́dún 2020 yìí dé ọ̀dọ̀ wọn náà, ẹ kú ìfaradà. Mo rí i pé ìrẹsì, gààrí àti Indomie ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà fún yín. Wọn ò purọ́. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tá a ti wà nínú ẹ̀ l'Ágége níbí, ìrẹsì mi ṣì wà nílẹ̀. Omi ló kọ́kọ́ tán.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé tá à ń gbé, yàrá mẹ́wàá tó kọjú síra wọn, ṣáláńgá méjì lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2020, tí Ààrẹ Buhari ní tó bá ti di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ajé, kí kálukú jókòó sílé l'Ékòó, l'Ógùn àti l'Ábùjá fún ọjọ́ 14, mi ò sùn dáadáa. Ilẹ̀ mọ́, mo kó gbogbo owó ọwọ́ mi, ó di ọjà. Ẹ ò bá rí wa, bí ẹni tí ọdún ti dé tán. Mo ra tòmátì àti tàtàṣé apẹ̀rẹ̀ kan, mo ra ẹja tútù, mo lọ ata, mo dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú fírísà tí mo fi ń ta omi tútù ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wá ń wo ara mi bí ọlọ́gbọ́n.

Ọjọ́ kẹfà ni iná lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi lọ. Mò ń fi aṣọ bo fírísà, mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan ṣí i, bí ẹni pé aṣọ máa mú un tutù. Nígbà tí mo fi máa ṣí i, ata ti ń hó bí ẹmu, ọ̀rá ti wú, omi ẹja ti ṣàn wọ abẹ́ ẹ̀. Òórùn yẹn wà nínú fírísà yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà, ẹ má lọ ata dì. Ẹ sè é kí omi ara ẹ̀ gbẹ, ẹ fi òróró tó pọ̀ dín in, kẹ́ ẹ máa gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹja gbígbẹ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ sá ẹ̀wà dáadáa, kẹ́ ẹ ju ata gbígbẹ sí i nítorí kòkòrò. Lásìkò kónílé-ó-gbélé yìí, ọjà oúnjẹ ń ṣí níbí lọ́jọ́ méjì-méjì, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ata l'Ágége á pàdé láàárín wákàtí mẹ́rin, a ó wá máa jìnnà síra wa, àbí? Ẹ mú ṣéńjì dání. Báǹkì tó ń ṣí kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi wá. Iná ló ń fa omi wa. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ará ilé ti jáde tó bá fi máa di aago méje àárọ̀, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń lo omi. Ní báyìí, gbogbo wa ló wà nílé, wọ́n tún ní ká máa fọwọ́ ní gbogbo ìgbà. Tá a bá ní ìgbẹ́ gbuuru ò tíì bá wa, Ọlọ́run ló ṣe é. Bàbá onílé ní jẹnẹrétọ̀, owó epo ni ò sí. Ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nídìí ike omi kan kí màmá onílé tó pè wá jọ: ọgọ́rùn-ún náírà fún yàrá kan, lọ́jọ́ méjì-méjì, ká fi ra epo. Ìyá Ìbejì tó ń ta ẹ̀kọ ní gáréèjì ò rí i dá, torí gáréèjì ti dá páropáro. Ó ní òun á máa fọ ṣáláńgá dípò owó. A gbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kó bá yín níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá lò ó tẹ́ ẹ ò da omi sí i o. Bàbá onílé gan-an ń bẹ̀rù ẹ̀.

Ẹ bá àwọn ará ilé yín sọ ọ̀rọ̀ omi kí ọjọ́ tó pé. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí ike máa gbẹ.

Àwọn ọmọ ìta tẹ́ ẹ béèrè nípa wọn, ìbẹ̀rù wà lóòótọ́. Láàárín oṣù kẹrin, ìròyìn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé wọ́n ń bọ̀. Àwọn ọkùnrin ń sun táyà ní oríta, wọ́n ń ṣọ́dẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n gbá òpó iná gbàgà-gbàgà, gbogbo ilé jí, àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ ni mo dì mú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àṣé àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò kejì ló rí tọ́ọ̀ṣì àwọn tiwa. Ní ti oúnjẹ ìrànwọ́, búrẹ́dì méjì àti ìrẹsì inú ọ̀rá ló dé ilé wa. Yàrá mẹ́wàá.

Ohun tó gbà mí là ni ìbòmú. Àjákù ankara kún àpò mi, mo ń fẹ́ dà á nù tẹ́lẹ̀. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń lò, kò béèrè iná, mo sì yọ áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ méjì papọ̀; tó bá ti lé ní méjì, wọ́n á ní àwọn ò lè mí. Nígbà tí rọ́bà wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé sòkòtò onírọ́bà àwọn ọmọ mi tó ti há. Ọgọ́rùn-ún kan àti àádọ́ta náírà ni mò ń ta ọ̀kan. Ìyẹn là ń jẹ.

Wọ́n ti wá ní láti ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 2020 yìí, a lè máa jáde, ká ti wà nílé kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́. Ọgbọ̀n aṣọ ẹbí wà nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù mi, ti ìgbéyàwó tó yẹ kó wáyé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin. Mo ti gé méjìlá nínú ẹ̀, mo sì ti ná àsansílẹ̀ owó wọn sórí tòmátì yẹn. Ìyàwó ò tíì pè mí. Èmi náà ò pè é.